Ìborùn Kan Ṣoṣo Tí A Kò Fọ̀

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Mo gbé èérí àgbàdo síwájú Jagun, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó sì yí orí padà. Mo wo aago ọwọ́ mi, nítorí bí ẹ̀rù bá ti bà mí, aago ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ó máa ń ṣe mí bíi pé bí mo bá mọ ìgbà tí nǹkan burúkú bẹ̀rẹ̀, màá lè mọ ìgbà tí yóò parí. Mi ò tíì mọ ìgbà tí èyí yóò parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ẹṣin Ìyá Àgbà mi ni Jagun. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kú ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn ṣe fẹ́. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, Jagun ṣì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Á jẹ, á tún gbé ojú sókè wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa ní Oregbeni, ní ìlú Benin, bíi pé ẹni tó ń retí kàn pẹ́ lọ́jà ni. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí ló jọ pé ó mọ̀ pé ẹni náà kò ní dé mọ́. Bí mo ṣe dúró tí mo gbé abọ́ èérí lọ́wọ́, ó ṣe mí bíi pé òun ló ń sọ ohun tí èmi kò tíì lè sọ fún ara mi.

Ẹ má rò pé ìyá àgbà jẹ́jẹ́ tó máa ń fọwọ́ ra ọmọ lórí ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn. Ìyá Àgbà mi kúrú, ohùn wọn le, wọn kì í sì í gbá ènìyàn mọ́ra. Abọ́ àti garawa oníke ni wọ́n ń tà ní ọjà New Benin. Bí oníbàárà bá ná ọjà ná an títí tó fi di ìwọ̀sí, Ìyá Àgbà á gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á nù ún, wọ́n á dá a padà sáàyè rẹ̀, wọ́n á sì máa wo títì bí ẹni pé kò sẹ́ni tó wá. Mama Horse ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Tí wọ́n bá jí, wọn kì í kí ẹnì kankan nínú ilé kí wọ́n tó kí ẹṣin. Màmá mi, tó jẹ́ ìyàwó ilé, ti bínú sí èyí fún ọdún pípẹ́ kó tó mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n ní kí Ìyá Àgbà sọ ìdí rẹ̀, ohun tí wọ́n fi dáhùn ni pé, “Ẹ̀yin á dá mi lóhùn. Òun kò lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó ń dúró dè mí.”

Èmi ni ẹ̀rù máa ń bà jù nínú ilé wa. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ojo ni ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde girama, àyà mi á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í já láìsí ìdí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, á dà bíi pé afẹ́fẹ́ inú yàrá ti tán. Bàbá mi ní kí n ṣe ọkàn akin. Màmá mi mú mi lọ gba àdúrà. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn mi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹ̀rù mìíràn á tún bà mí pé ọkàn mi kò balẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìyá Àgbà kò sọ pé kí n fọkàn balẹ̀. Wọ́n ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ gbọn eruku kúrò lára Jagun, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, kí n má ṣe kánjú, nítorí bí mo bá kánjú ẹṣin náà á mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ń gbọ̀n, Jagun sì ń tẹ etí sẹ́yìn. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé èémí rẹ̀ gùn, ó gùn ju tèmi lọ fíìfíì. Á fà á wọlé, ìhà rẹ̀ á fẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, á sì tú u jáde bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Mo gbé etí lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Kí n tó mọ̀, èémí tèmi ti ń tẹ̀lé tirẹ̀. Mi ò ronú nípa ìdánwò. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀ o. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti dúró sí ọ̀ọ́kán. Nígbà tí mo padà wọlé, Ìyá Àgbà kò bi mí bó ṣe rí. Ọwọ́ mi ni wọ́n wò. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ẹ ti dákẹ́. Lọ jẹun.”

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo kà á pé níbòmíràn lágbàáyé, wọ́n máa ń mú àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹṣin. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé ohun tí wọ́n ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ti di ẹ̀kọ́ ńlá. Wọ́n gbọ́ mi títí, wọ́n wá bi mí bóyá àwọn ará ibẹ̀ máa ń kó ìgbẹ́ ẹṣin náà. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n mi orí. “Bí wọn ò bá kó ìgbẹ́ ẹ̀, ìdajì ni wọ́n ń ṣe.”

Ẹ ó ti rí i pé Yorùbá ni mo fi ń kọ èyí. Ẹṣin ló kọ́ mi. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Benin, mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nílé, ṣùgbọ́n Pidgin ni mo fi ń dáhùn. Bàbá mi ti jà títí, ó ti sú wọn. Lọ́jọ́ kan, Jagun dí ọ̀nà mọ́ mi níbi tí mo ti fẹ́ pọn omi, mo sì pariwo mọ́ ọn pé, “Jagun, comot for road!” Kò tilẹ̀ mi etí. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń jẹ orógbó. Wọ́n ní Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, pé kò bá mi kàwé ní Benin. Bí mo bá fẹ́ kó sún, kí n kọ́kọ́ kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọmọlúàbí, kí n tó bẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá kọ́ mi ní oríkì tí Bàbá Àgbà ṣe fún un: “Jagun, onírù gbọọrọ, ẹni tó ń rìn bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.” Mo kà á, ahọ́n mi ń kọsẹ̀. Mo tún un kà. Jagun sún. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá oríkì ló gbọ́ tàbí ó kàn rí i pé Ìyá Àgbà ti gbé ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ Yorùbá, ní ẹ̀yìnkùlé lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà nínú ilé. Bàbá mi gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú wọn. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n má dójú tì mí: “Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún ẹṣin ná. Ẹṣin kì í fi ni ṣe yẹ̀yẹ́.”

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń wá. Ọkùnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Sájẹ́ǹtì, ọmọ Edo, ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lójú ọ̀nà Ekenwan. Wọ́n ti rán an lọ sógun nílẹ̀ òkèèrè rí, láti ìgbà tó sì ti dé, bí ilẹ̀kùn bá gbá pàà, á ti bẹ́ sílẹ̀. Ibi tó ti wá ra garawa lọ́jà ni Ìyá Àgbà ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọn ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ní àwọn ń wá ẹni tó lágbára tí yóò máa bá àwọn fọ ẹṣin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé orúkọ nìkan ni Jagun fi jẹ́ jagunjagun. Kò bẹ̀rù ọkọ̀, kò bẹ̀rù ajá, ṣùgbọ́n bó bá rí agbòòrùn, yóò fẹ́ sá wọ inú ilẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, aládùúgbò kan sì ṣí agbòòrùn pàà, ó yọ lókè ògiri wa. Jagun fò sókè. Sájẹ́ǹtì náà fò sókè. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, a rí Sájẹ́ǹtì tó dì mọ́ ẹṣin lọ́rùn, tí ẹṣin náà sì fi orí sábẹ́ apá rẹ̀. Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mama, so na two of us.” Ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà wá di ẹkún. Ìyá Àgbà kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń fọ garawa tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì gbé ẹ̀bùn wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tó ní òun ti ń sùn báyìí, Ìyá Àgbà kò gbà á. Wọ́n ní, “Ìwọ lo fọ ẹṣin mi. Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́.”

Ìyá Àgbà máa ń jà o. Ẹni tí wọ́n ń bá jà jù ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Bàbá Kékeré kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Ojú ló máa ń tì wọ́n. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé Ìyá Àgbà dé láti ọjà, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fọ́n lọ́fínńdà sórí àga. Wọ́n ní òórùn ẹṣin ti wọ inú aṣọ ìyá àwọn, pé bí wọ́n bá ti jókòó sínú ọkọ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ àwọn kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá Àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n ń wo Bàbá Kékeré bí wọ́n ṣe ń fọ́n ọn. Ohùn Ìyá Àgbà kò le lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi rántí. “Ráṣídì, òórùn bàbá ẹ lò ń lé jáde nínú mọ́tò yẹn.”

Bàbá Àgbà mi ló mú Jagun wá láti Ìlọrin nígbà tó ṣì wà lọ́mọ kékeré. Wọ́n máa ń gbé àwọn ọmọ gùn ún láti ya fọ́tò nígbà Iléyá àti Kérésì. Ìyá Àgbà kórìíra ẹṣin náà nígbà yẹn. Ẹ̀rù ẹṣin ń bà wọ́n gidigidi. Ẹṣin kan ti gé wọn jẹ ní èjìká nígbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó tuntun, àpá rẹ̀ kò sì lọ. Wọn kì í dé ẹ̀yìnkùlé rárá. Bí aṣọ bá bọ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń sá a sí, ọmọdé ni wọ́n ń rán.

Bàbá Àgbà kú ní ọdún 2001. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Jagun kò jẹun mọ́, gbogbo ẹbí sì fẹnu kò pé kí wọ́n tà á kó tó kú. Ẹni tí yóò rà á ti ń bọ̀ lọ́nà. Ìyá Àgbà wà nínú yàrá, wọ́n ń ṣe opó. A kàn rí i tí wọ́n jáde. Dàńṣíkí tí Bàbá Àgbà bọ́ kẹ́yìn, tó ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn láìfọ̀, ni wọ́n wọ̀ lé aṣọ opó wọn. Àwọn àgbà ń pè wọ́n pé kí wọ́n padà, opó kì í jáde bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà gbé abọ́ èérí, wọ́n lọ bá ẹṣin tí wọn kò fọwọ́ kàn rí. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé èérí náà ń dà sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Mo rí i. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí tèmi ṣe wá ń gbọ̀n nígbà tó yá.

Jagun na ọrùn. Ó fi imú sí ọrùn dàńṣíkí náà, ó mí, ó tún mí, ó sì gbé àgbọ̀n lé wọn léjìká, léjìká tó ní àpá. Ìyá Àgbà di ojú. Wọn ò mira. Lẹ́yìn náà ló jẹun, kò sì ṣẹ́ nǹkan kan kù. Wọn ò tà á mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù kò bà wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀rù bà wọ́n títí ó fi jẹun tán. Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi lọ. Wọ́n ní, “Ẹni tó kú yẹn, kì í ṣe èmi nìkan ló fi sílẹ̀.”

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo sáré wọ yàrá Ìyá Àgbà láti mú aṣọ wọn kan. Àwọn ìṣó dúró ní ìhòòhò lára ògiri. Mo yọjú síta: gbogbo ìró, gbogbo bùbá, títí kan aṣọ ìkírun wọn, ló wà lórí okùn níwájú ilé, tí wọ́n ń kán omi. Àǹtí Sìdí, àbúrò bàbá mi obìnrin tó wá láti Ìlọrin, ti jí ní ìdájí, wọ́n ti fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ti fi búlúù sí èyí tó funfun, nítorí ọjọ́ kẹjọ ni a máa pín aṣọ náà fún àwọn ẹbí. Ojú wọn wú. Wọ́n ti sunkún jálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba aṣọ ìyá àwọn pẹ̀lú ìdọ̀tí lára rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo wọ ọ̀kan nígbà tó gbẹ. Jagun gbóòórùn ọṣẹ, ó sì yí orí padà.

Aṣọ kan ṣoṣo ló kù tí a kò fọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì wà. Ìborùn tí Ìyá Àgbà da bora ní ilé ìwòsàn ni. Wọ́n ti ní kí n bá wọn gbé e lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ yí wọn padà, wọn ò sì gbà á padà mọ́. Mo ti ká a sínú ọ̀rá, mo ti so ẹnu rẹ̀, mo ti fi sí ìsàlẹ̀ àpótí mi. Tí àyà mi bá ń já, màá tú u díẹ̀, màá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá sì yára so ó kí òórùn náà má baà tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Fọ́tò wọn wà, ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè ṣe ohun tí òórùn yẹn ń ṣe fún mi. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹṣin, òógùn àti itọ́ rẹ̀ yóò gbà á. Kò ní sí mọ́ láéláé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, egungun ìhà Jagun ti ń yọ, kò sì dìde nígbà tí mo pè é. Bàbá Kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tí yóò rà á, yóò sì dé lọ́la. Wọ́n bi mí pé, “Kí lo fẹ́ ká ṣe? Ká máa wò ó títí á fi kú?”

Mo lọ tú ọ̀rá náà. Mo kọ́kọ́ gbóòórùn ìborùn náà fúnra mi, mo pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Orógbó. Róòbù tí wọ́n fi ń pa orúnkún. Àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹṣin. Bàbá Kékeré ti sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n imú tèmi kò mọ ẹṣin yàtọ̀ nínú òórùn Ìyá Àgbà, nítorí ó ti pẹ́ tó ti mọ́ mi lára. Mo da ìborùn náà bo èjìká. Mo gbé abọ́, èérí ń dà sílẹ̀. Mo kí Jagun, mo ki oríkì rẹ̀ fún un. Ó gbé orí sókè. Ó fi imú wọ inú ìborùn náà lẹ́bàá ọrùn mi, ó sì fa èémí kan tó gùn, tó gùn débi tí mo fi rò pé kò ní tú u jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì jẹun. Àǹtí Sìdí wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, “Kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún mi kí n tó fọ̀ wọ́n?”

Oṣù Kejì ọdún 2014 ti dé báyìí. Àràárọ̀ ni mo ń da ìborùn náà bora. Mo ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ mi, mo ti rí iṣẹ́ sí Àbújá, ìparí oṣù yìí ni wọ́n ń retí mi. Bàbá Kékeré gbà pé àwọn kò ní ta Jagun títí di ìgbà náà. Sájẹ́ǹtì ní òun á máa wá lójoojúmọ́, bí mo bá lè fi ìborùn náà sílẹ̀. Mo ti gbà láti fi í sílẹ̀. Mo sunkún kí n tó gbà, mo sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lánàá, mo gbé e sí imú, mi ò rí Ìyá Àgbà níbẹ̀ mọ́. Kò sí orógbó, kò sí róòbù. Òórùn Jagun ló kù, àti tèmi. Mo fi ẹ̀rù gbé abọ́ lọ bá a. Jagun kò tilẹ̀ wo ìborùn. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ gbóòórùn, lẹ́yìn náà ọrùn mi, ó gbé àgbọ̀n lé mi léjìká, ó sì jẹun.

Ẹ̀yin tó ń kà mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, pàápàá ẹ̀yin tó ti fi ilé sílẹ̀ rí lọ síbi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé nítorí mi ló fi ń jẹun báyìí, ṣé mo ṣì lè lọ? Mo ti bọ́ aṣọ kan láti àná. Ó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì ti sọ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́. Ṣé ó tó?